Ikú Ilé àti Ikú Òde: Èdè-Ìperí fún Àjùmọ̀ṣe Àbímọ́ àti Sìgá nínú Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró

1. Ìfáárà

Ìtàn èdè-ìperí Yorùbá kì í ṣe ìtàn àná. Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, èyí tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, fi hàn pé ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi èdè abínibí rẹ̀ kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. A fi ọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní ọdún 1974. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní ọdún 1984, èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1990. Ọpẹ́lọpẹ́ iṣẹ́ wọ̀nyí, olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni ní gírámà, lítíréṣọ̀ tàbí àṣà kì í wá ọ̀rọ̀ kiri mọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Orúkọ àwọn ohun tí ojú lè rí kò ni wá lára: a ní ẹ̀dọ̀fóró, a ní jẹjẹrẹ, a sì ní sìgá. Ohun tí ó ń yọ olùtúmọ̀ lẹ́nu ni orúkọ ìbátan tí ó wà láàárín ohun kan àti èkejì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá sọ pé ohun tí a bí mọ́ ènìyàn àti sìgá tí ó ń mu jọ ń pinnu bí ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti tó, irú "jọ" wo ni wọ́n ń sọ? Ṣé bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá jọ rìn ni, tàbí bí ìgbà tí iná àti epo bá jọ pàdé?

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé bí olùtúmọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ yàn níbí, ẹwà èdè nìkan kọ́ ni yóò bàjẹ́. Amusìgá kan lè ka ìtumọ̀ náà kí ó gbà pé kádàrá ni, pé kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i. Ẹlòmíràn lè gbà pé níwọ̀n ìgbà tí àrùn náà kò sí ní ìdílé òun, òun lè máa mu sìgá lọ láìfòyà. Àṣìṣe ni méjèèjì, ẹ̀mí ènìyàn sì wà lórí rẹ̀.

2. Gbólóhùn mẹ́rin láti ẹnu ará ìlú

Èdè-ìperí tí kò bá lè dé ibi tí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ yóò kú sínú ìwé. Nítorí náà, láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Mowé àti Ìbàfò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn, jẹ́ ibi tí ó dára láti ti gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ̀bá òpópónà tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ni wọ́n wà. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti àwọn ará Èkó tí ń wá ilẹ̀ ilé ti dà pọ̀ mọ́ wọn níbẹ̀, Yorùbá àjùmọ̀lò ni ó sì di èdè ọjà àti èdè ibùdókọ̀. Òfin ìdarí tábà ti ọdún 2015 ka títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀ ní Nàìjíríà, síbẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan náà ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ àti agbérò ń rà á ní irú ibùdókọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kìlọ̀ fún wọn, irú èsì tí ó wà ní (1) ni a sábà máa ń gbọ́, kì í sì í ṣe ní Mowé nìkan:

(1) a. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni.
b. Kò sí irú àrùn bẹ́ẹ̀ ní ìdílé wa.
c. Bàbá àgbà mu sìgá títí ó fi lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì ṣe é ní nǹkan kan.
d. Ohun tí yóò pa ènìyàn kò ní ṣàì pa á.

Gbólóhùn (1a) fi ẹ̀jẹ̀ ṣe ìdí àrùn, ó sì dákẹ́ lórí èéfín. Gbólóhùn (1b) ni òdìkejì rẹ̀: ẹni tí ó sọ ọ́ gbà pé bí ẹ̀jẹ̀ kò bá gbé àrùn náà, èéfín kò lè gbé e wá. Gbólóhùn (1c) ń fi ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo dá ẹjọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Gbólóhùn (1d) kò mẹ́nu ba ẹ̀jẹ̀ tàbí èéfín rárá. Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe òpè. Ohun tí èdè fi lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń lò. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè-ìperí ni láti wá ohun mìíràn fún wọn láti inú èdè kan náà.

3. Àbímọ́, àjogúnbá àti àyànmọ́

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí olùtúmọ̀ lọ́kàn. Ẹ wo ìhun wọn:

(2) a. à + bí + mọ́ → àbímọ́ "ohun tí a bí mọ́ ènìyàn"
b. à + jogún + bá → àjogúnbá "ohun tí ènìyàn bá nínú ogún"
c. à + yàn + mọ́ → àyànmọ́ "ohun tí a yàn mọ́ ènìyàn"

Àbímọ́ àti àyànmọ́ jọ ní "mọ́" ní ìparí, etí sì ń gbọ́ wọn bí ọmọ ìyá. Ibẹ̀ ni ewu wà. Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, ohun tí a yàn mọ́ ènìyàn láti òde ọ̀run kò gbóògùn. Ohun tí a bí mọ́ ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀ dandan. Nítorí náà, olùtúmọ̀ kò gbọdọ̀ fi èkejì rọ́pò èkíní, bí ó tilẹ̀ dùn létí.

Fún ohun tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tí òbí ń fi ránṣẹ́ sí ọmọ, àwọn kan ti dá "àbùdá" lábàá. A kò fi ara mọ́ ọn, nítorí pé àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ń lo àbùdá fún àmì ìdánimọ̀ ohunkóhun, bí àpẹẹrẹ àbùdá ìró. Ohun tí ń fa àmì yàtọ̀ sí àmì fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò "jíìnì" ni a yàn fún ohun náà, "àbímọ́" fún gbogbo ohun tí ó bá ti ipasẹ̀ rẹ̀ wá, àti "àjogúnbá" fún ìwọ̀nba èyí tí a lè tọ ipa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí á kíyè sí. Ní Nàìjíríà, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ ọ̀rọ̀ jíìnì. Gbogbo ẹni tí ó fẹ́ gbéyàwó ni a ń bi bóyá AA, AS tàbí SS ni. Ẹni tí ó bá jẹ́ SS ti ní àrùn náà. Kò sí bí ó ṣe lè gbé ayé rẹ̀ tí yóò fi di AA. Bí a bá kọ ọ́ pé jíìnì wà nínú ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, àpẹẹrẹ SS yìí ni òǹkàwé yóò gbé lé e lórí. Ó yẹ kí á kọ ọ́ gbangba fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jogún ni bí ara wọn ṣe ń gba èéfín sí. Wọn kò jogún àrùn. Ẹni tí ó jogún ilẹ̀ kò tíì jogún iṣu.

4. Àyípadà àbímọ́ àti àyípadà àbápàdé

Èéfín sìgá ní èròjà tí ó lé ní 7,000 nínú. Ó kéré tán, 69 nínú wọn ni a mọ̀ pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Fún irú èròjà bẹ́ẹ̀, a dá "afajẹjẹrẹ" lábàá (a + fa + jẹjẹrẹ), ní ìlànà kan náà tí ó fún wa ní "apànìyàn" àti "adájọ́".

Ọ̀kan nínú àwọn afajẹjẹrẹ yìí ni benzopyrene. Nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ara, kò tíì lè ṣe jíìnì ní nǹkan. Ara fúnra rẹ̀, níbi tí ó ti ń gbìyànjú láti yí i padà kí omi lè gbé e jáde, ni ó ń sọ ọ́ di ohun tí ń lẹ̀ mọ́ okùn jíìnì. Àwọn ẹ́ńsáìmù kan ń sọ ọ́ di aṣebi. Àwọn mìíràn ń dì í mú, wọ́n sì ń tì í síta. Àwọn kan sì wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tún ibi tí ó bá bàjẹ́ ṣe. Jíìnì ni ó ń pàṣẹ bí a ó ṣe ṣe ẹ́ńsáìmù kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, agbára wọn kò dọ́gba lára gbogbo ènìyàn. Níbí gan-an ni àbímọ́ àti sìgá ti pàdé.

Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ibi tí ohun tí benzopyrene dà ń lẹ̀ mọ́ lára jíìnì tí à ń pè ní TP53 ni ibi náà gan-an tí jíìnì yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Iṣẹ́ TP53 ni láti dá sẹ́ẹ̀lì tí ó ti bàjẹ́ dúró kí ó má baà máa pọ̀ sí i. Bí èéfín bá ba ẹ̀ṣọ́ yìí jẹ́, sẹ́ẹ̀lì burúkú yóò máa bí sí i láìsí ẹni tí yóò dá a lẹ́kun.

Àyípadà jíìnì ni èyí, ṣùgbọ́n a kò jogún rẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀fóró amusìgá ni ó ti ṣẹlẹ̀, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ohun tí ó jẹ mọ́ jíìnì, ìbáà jẹ́ èyí tí a bí mọ́ ènìyàn, ìbáà jẹ́ èyí tí ó bá a láyé. Olùtúmọ̀ tí ó bá kọ "àjogúnbá" ní gbogbo ibi tí ó bá ti rí ọ̀rọ̀ yẹn yóò purọ́ láìmọ̀. Ìdí nìyí tí a fi dá (3) lábàá:

(3) a. àyípadà àbímọ́: èyí tí ó wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ènìyàn láti ìgbà tí a ti lóyún rẹ̀
b. àyípadà àbápàdé: èyí tí sẹ́ẹ̀lì kan bá pàdé lẹ́yìn ìbí, bí irú èyí tí èéfín ń fà

Yorùbá ní òwe méjì tí ó fara jọ ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Wọ́n tún ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Olùkọ́ lè fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, nítorí pé àwọn àgbà ti rí i tipẹ́ pé ohun inú àti ohun òde jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi wọ́n parí rẹ̀. Nínú òwe méjèèjì, ohun òde kò lágbára àfi bí ohun inú bá gbà á láyè. Nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, èéfín sìgá kì í dúró de ògiri tí ó ti lanu. Òun gan-an ni ó ń la ògiri.

5. Ewu, "lè" àti "máa ń"

Ìkìlọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ lára páálí sìgá ní Nàìjíríà, tí a kọ ní orúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ètò ìlera, jẹ́ àpẹẹrẹ dáadáa fún ìṣòro kejì. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà sọ ọ́ ní Yorùbá:

(4) a. Amusìgá máa ń kú ní rèwerèwe.
b. Amusìgá lè kú ní rèwerèwe.
c. Ewu ikú rèwerèwe pọ̀ lórí amusìgá ju ẹni tí kì í mu sìgá lọ.

Gbólóhùn (4a) le jù. "Máa ń" jẹ́ atọ́ka ìṣe tí ó ń ṣẹlẹ̀ déédéé; bàbá àgbà kan ṣoṣo ti tó láti bì í ṣubú lọ́kàn ẹni tí ó bá gbọ́ ọ, bí a ti rí i ní (1c). Gbólóhùn (4b) rọ̀ jù. Ta ni kò lè kú ní rèwerèwe? Ẹni tí ó ń kọjá títì ní Mowé náà lè kú. Gbólóhùn (4c) ni ó sún mọ́ òtítọ́, nítorí pé ó fi ẹgbẹ́ kan wé ẹgbẹ́ kejì. Síbẹ̀, kò sọ bí ewu náà ṣe pọ̀ tó. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ewu jẹ́ ohun tí ó wà tàbí tí kò sí. Nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ewu jẹ́ ohun tí a ń wọ̀n. Orúkọ méjì ni a nílò fún un:

(5) a. ìwọ̀n ewu: iye ènìyàn tí ohun náà yóò ṣẹlẹ̀ sí nínú ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún
b. ìlọ́po ewu: ìgbà mélòó ni ìwọ̀n ewu ẹgbẹ́ kan fi ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò kún un. Ní ọdún 2000, Richard Peto, Richard Doll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde nípa ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ọkùnrin 100 tí ń mu sìgá lọ láìdáwọ́ dúró, nǹkan bí 16 ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró yóò pa kí wọ́n tó pé ẹni ọdún 75, bí ohun mìíràn kò bá pa wọ́n ṣáájú. Nínú àwọn tí kò mu sìgá rí, kò tó ẹnì kan nínú 100. Nǹkan bí 4 ni nínú 1,000. Àwọn tí ó jáwọ́ ní ẹni ọdún 50 jẹ́ 6 nínú 100. Àwọn tí ó jáwọ́ ní ẹni ọdún 30 kò tó 2.

Ẹ ó rí i pé ìwọ̀n ewu dá (1c) lóhùn láìbá a jà. Bí 16 bá kú nínú 100, 84 ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kò pa. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí bàbá àgbà bá wà lára 84 yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sìgá ní àrùn ọkàn àti àrùn mìíràn tí ó fi ń pa nínú wọn. Ohun tí (1c) kò sọ ni iye àwọn tí kò dàgbà tó ẹni tí ọmọ-ọmọ ń fi ṣe àpẹẹrẹ.

6. Àròpọ̀ tàbí ìsọdipúpọ̀?

A ti dé ibi tí "jọ" àkọ́kọ́ wa wà. Bí ohun méjì bá jọ ń fa àrùn kan, báwo ni a ó ṣe ka ewu wọn pọ̀? Àpẹẹrẹ tí ó hàn jù lọ kò ti ọ̀dọ̀ jíìnì wá. Ọ̀dọ̀ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni ó ti wá, èyí tí àwa Yorùbá mọ̀ dáadáa nítorí òrùlé àti àjà ilé. Ní ọdún 1979, Hammond, Selikoff àti Seidman tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fi ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì bo ọpọ́n omi gbígbóná ní Àríwá Amẹ́ríkà. Bí a bá pe ewu ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí kò mu sìgá, tí kò sì fọwọ́ kan ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ní 1, ti ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nìkan jẹ́ nǹkan bí 5, ti sìgá nìkan jẹ́ nǹkan bí 11. Bí ó bá jẹ́ àròpọ̀ ni, ti àwọn tí ó ní méjèèjì ì bá jẹ́ nǹkan bí 15. Nǹkan bí 53 ni wọ́n bá. Èyí sún mọ́ 5 lọ́nà 11. Ìsọdipúpọ̀ ni.

Ohun tí ó jọ èyí ni a ń rí láàárín àbímọ́ àti sìgá. Ní ọdún 1963, Tokuhata àti Lilienfeld fi àwọn ìbátan aláìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wé àwọn ẹlòmíràn ní Amẹ́ríkà. Ewu àwọn ìbátan tí kò mu sìgá ga ju ti ẹlòmíràn tí kò mu sìgá. Ti àwọn ìbátan tí ń mu sìgá ni ó ga ju ti gbogbo wọn lọ.

Kí ni a ó wá pe ìbátan yìí? "Ìfọwọ́sowọ́pọ̀" kò bá a mu, nítorí pé ó ń tọ́ka sí ìfẹ́ inú àti ìpinnu. "Àjọṣe" ti di orúkọ ìbágbépọ̀ láàárín ènìyàn. A yan "àjùmọ̀ṣe", nítorí pé ó ń sọ iṣẹ́ tí a jùmọ̀ ṣe láìsọ ẹ̀mí tí a fi ṣe é. A lè wá pín in sí méjì: "àjùmọ̀ṣe aláròpọ̀" àti "àjùmọ̀ṣe alásọdipúpọ̀". Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti mọ àròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀. Kò sí ìdí tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò fi ní lóye wọn.

7. Ẹ̀rí Táyéwò àti Kẹ́hìndé

Kò yẹ kí á rò pé ará ìlú nìkan ni ó ń sọ (1a). Ní ọdún 1950, Doll àti Austin Bradford Hill ní Lọ́ńdọ̀nù, Wynder àti Graham ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí tí ó so sìgá mọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jáde. Ronald Fisher, ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ àbímọ́ àti ìmọ̀ ìṣirò òde òní lélẹ̀, tí òun náà sì ń fa ìkòkò tábà, kò gbà. Ní ọdún 1957 àti 1958 ó kọ ọ́ pé ó lè jẹ́ pé ohun kan tí a bí mọ́ ènìyàn ni ó ń mú un fẹ́ràn sìgá, tí ohun kan náà sì ń fún un ní jẹjẹrẹ; sìgá lè má mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó fi ìbejì ṣe ẹ̀rí: àwọn ìbejì tí ó jọra wọn délẹ̀ máa ń bá ara wọn dọ́gba nínú mímu sìgá ju àwọn tí kò jọra lọ. Gbólóhùn (1a) ni èyí, aṣọ ọ̀mọ̀wé ni a wọ̀ fún un.

Kò sí ìran tí ọ̀rọ̀ ìbejì tọ́ sí bí ìran Yorùbá. Ìwádìí Nylander ní Ìbàdàn àti Ìgbó-Ọrà jẹ́ kí á mọ̀ pé ìbejì pọ̀ láàárín wa ju ibòmíràn lọ, àti pé èyí tí ó ti inú ẹyin méjì wá ni ó pọ̀. Èyí tí ó ti inú ẹyin kan pín kò ju nǹkan bí 4 lọ nínú ìbímọ 1,000, bí ó ti rí káàkiri ayé. Nítorí náà, ó yẹ kí èdè-ìperí wa ya "ìbejì ẹyin kan" sọ́tọ̀ kúrò lára "ìbejì ẹyin méjì". Jíìnì ìbejì ẹyin kan kò yàtọ̀ síra. Ti ìbejì ẹyin méjì dà bí ti ọmọ ìyá àti bàbá kan náà lásán.

Ìbejì ẹyin kan ni ó sì dá Fisher lóhùn. Bí Táyéwò bá ń mu sìgá tí Kẹ́hìndé kò mu, jíìnì wọn kò lè jẹ́ ìdí tí ọ̀kan fi kú ṣáájú èkejì. Ní ọdún 1989, Kaprio àti Koskenvuo tẹ ìwádìí ọdún 12 jáde nípa irú àwọn ìbejì bẹ́ẹ̀ ní Finland. Èyí tí ń mu sìgá ni ó ń kú ṣáájú jù. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Èéfín ni ó yà wọ́n.

8. Jíìnì tí kò sí lára wa

Síbẹ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ Fisher padà wá jẹ́ òtítọ́. Ní ọdún 2008, ẹgbẹ́ onímọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kéde pé àyípadà àbímọ́ kan wà lórí kúrómósóòmù 15 tí ó bá jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró rìn. Jíìnì tí ó wà níbẹ̀ ni ó ń ṣe ojú tí nikotíìnì ti ń dì mọ́ sẹ́ẹ̀lì. Àwọn tí ó ní àyípadà náà máa ń mu sìgá púpọ̀ sí i. Ẹ̀dà kan ń mú ewu di nǹkan bí ìlọ́po 1.3, ẹ̀dà méjì ń mú un di nǹkan bí ìlọ́po 1.8.

Ibí ni ìyàtọ̀ tí a ṣe ní (5) ti wúlò jù. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò àfiṣàpẹẹrẹ. Bí a bá fi 1.3 sọ ewu 4 nínú 1,000 ti ẹni tí kò mu sìgá di púpọ̀, yóò di 5 àti díẹ̀: ẹnì kan péré ni ó fi lé. Bí a bá fi 1.3 kan náà sọ ewu 160 nínú 1,000 ti amusìgá di púpọ̀, yóò lé ní 200: nǹkan bí ènìyàn 48 ni ó fi lé. Ìlọ́po kan náà ni. Òkú rẹ̀ kò dọ́gba. Lóòótọ́, láàárín àwọn tí kò mu sìgá rí, ipa àyípadà yìí kò tilẹ̀ hàn gbangba. Olùtúmọ̀ tí ó bá kọ ìlọ́po láìkọ ìwọ̀n ti gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì, ó sì ti sọ ìdajì tí ó wúlò jù nù.

Ohun mìíràn wà tí ó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ètò ńlá tí ó ṣe àkọsílẹ̀ ìyàtọ̀ jíìnì ọmọ ènìyàn, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2005, gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ Yorùbá 90 ní Ìbàdàn: bàbá, ìyá àti ọmọ kan láti ìdílé ọgbọ̀n. Àyípadà kúrómósóòmù 15 yìí, tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ìran wọn ti Yúróòpù wá, ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láàárín Yorùbá. Bí a bá kọ èyí láìfi nǹkan mìíràn kún un, (1b) ni a fi àṣẹ sí: "kò sí lára wa".

Ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Ní ọdún 2006, Haiman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde nípa ènìyàn tí ó lé ní 180,000 ní California àti Hawaii. Láàárín àwọn tí kì í mu ju sìgá 30 lọ lójúmọ́, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ nínú baba ńlá wọn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ, ga ju ti àwọn aláwọ̀ funfun tí ń mu iye kan náà. Jíìnì nìkan kọ́ ni ó lè fa èyí. Bí ènìyàn ṣe ń fa èéfín sínú àti ibi tí ó ń gbé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn pé àìsí jíìnì kan lára ìran kan kì í ṣe àjẹsára.

9. Àkójọ àbá

(6) jíìnì: ohun inú sẹ́ẹ̀lì tí òbí ń fi ránṣẹ́ sí ọmọ
àbímọ́: ohun tí ó ti ipasẹ̀ jíìnì wá, kì í ṣe àyànmọ́
àyípadà àbímọ́, àyípadà àbápàdé: bí ó ti wà ní (3)
afajẹjẹrẹ: èròjà tí ń fa jẹjẹrẹ
amusìgá: ẹni tí ń mu sìgá
ìwọ̀n ewu, ìlọ́po ewu: bí ó ti wà ní (5)
àjùmọ̀ṣe aláròpọ̀, àjùmọ̀ṣe alásọdipúpọ̀: bí ó ti wà ní ìpín 6
ìbejì ẹyin kan, ìbejì ẹyin méjì: bí ó ti wà ní ìpín 7

10. Ìgúnlẹ̀

A kò dá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lábàá kí ìwé atúmọ̀ lè sanra. Bí wọ́n bá wúlò, ó yẹ kí wọ́n lè dá gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wà ní (1) lóhùn ní èdè tí awakọ̀ Mowé yóò gbọ́ láìsí ògbufọ̀:

(7) a. Bí ó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, sìgá ni ó ń sọ ọ́ di púpọ̀.
b. Bí kò tilẹ̀ sí ní ìdílé rẹ, èéfín lè ba jíìnì jẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ.
c. Nínú amusìgá 100, a mọ 84. Bàbá àgbà wà lára wọn. Ta ni àwọn 16 yòókù?
d. A bí jíìnì mọ́ ọ. A kò bí sìgá mọ́ ọ.

Gbólóhùn (7d) ni ó gbé kókó iṣẹ́ yìí dání. Nínú ohun méjì tí ó jùmọ̀ ń ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀kan ṣoṣo ni ó wà ní ìkáwọ́ ènìyàn. Ìsọdipúpọ̀ sì ni ó jẹ́ kí ọ̀kan yẹn tó: bí a bá dín ewu sìgá kù, gbogbo ohun tí àbímọ́ ì bá sọ di púpọ̀ ni ó kéré pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí àrùn náà wà ní ìdílé rẹ̀ ni ó ní èrè jù lọ nínú fífi sìgá sílẹ̀. Olùtúmọ̀ tí ó bá jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́ "àyànmọ́" níbi tí onímọ̀ ti sọ "àbímọ́" ti gba èrè náà lọ́wọ́ rẹ̀. A rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti olùtúmọ̀ pé kí ẹ lo àbá wọ̀nyí nínú kíláàsì àti lórí rédíò, kí ẹ sì tún èyí tí kò bá dún dáadáa létí ará ìlú ṣe.